Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe àti Sáyẹ́ǹsì Kékeré fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, tí a sábà máa ń lé kúrò lẹ́bàá ìkòkò, lẹ́bàá omi, àti lẹ́bàá iṣẹ́ gbogbo tí àgbà bá ń ṣe. A fẹ́ fi yé yín pé ibi tí a ti ń lé wọn kúrò yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ẹlòmíràn, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe ti ara wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọmọ wa kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá lo àkókò ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní ilé àlùfáà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí agogo ti lù lẹ́ẹ̀kejì, a wá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó aṣọ ìsìn sí títí, a kò rí i. A tú àpò, a tú àpótí, a gbọn ibùsùn. Níkẹyìn, ìsàlẹ̀ garawa omi ní ẹ̀yìnkùlé ni a ti rí i, òun pẹ̀lú ṣíbí méjì àti òkúta kan. Ìdérí ìgò kan àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì léfòó lókè wọn. A kò béèrè ohunkóhun. A mú pàṣán, a nà án. Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀ tán ni ìyá rẹ̀ àgbà tó bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé, “Mo fẹ́ mọ èyí tí ó mọ̀wẹ̀ nínú wọn ni.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. Ọmọ náà kò ṣe oríkunkun. Ìwádìí ni ó ń ṣe. Ó ti ya ohun tí ó rì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó léfòó, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe ṣáájú rẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ohun tí ó sì bà wá nínú jẹ́ jùlọ ni pé, láti ọjọ́ náà, kò mú òkúta tàbí kòkòrò kan wá fi hàn wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì béèrè pé “Kí ni èyí?” mọ́. A rò pé ìwàkíwà ni a nà kúrò lára rẹ̀. Ìbéèrè ni a nà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe pinnu láti wá ọ̀rọ̀ yìí rí, kí a sì sọ ohun tí a rí fún ẹ̀yin náà.

ÌDÍ TÍ ỌWỌ́ FI ṢÁÁJÚ ÌWÉ

Ọmọ kékeré kì í fi etí nìkan kẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀, imú rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé iná gbóná, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá na ọwọ́ sún mọ́ abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná ni ọ̀rọ̀ náà di ìmọ̀. Ọmọ tí ó bá ń ka ìwé lórí láìtíì rí ohun tí ìwé náà ń wí dà bí ẹni tí ó ń ka iye owó tí kò sí lápò rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan, ará Switzerland, Jean Piaget, tí a bí ní ọdún 1896 tí ó sì kú ní 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ti ń rò. Ẹ lè ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò rẹ̀ ní ilé yín lálẹ́ òní. Ẹ bu omi ìwọ̀n kan náà sínú ife méjì tí ó rí bákan náà níwájú ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ó jẹ́wọ́ pé wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi inú ọ̀kan sínú ìgò tóóró tí ó ga. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà wí fún yín pé omi inú ìgò pọ̀ ju ti inú ife lọ, nítorí pé ó ga jù. Kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọgbọ́n ọmọdé ti ń dàgbà ni. Àlàyé kò lè yí i lérò padà bí kí òun fúnra rẹ̀ máa da omi lọ, kí ó sì máa da á bọ̀, ní ọjọ́ púpọ̀, títí yóò fi yé e.

ÀWỌN TÍ WỌ́N LA Ọ̀NÀ YÌÍ

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Comenius, bíṣọ́ọ̀bù kan tí a bí ní Moravia ní 1592, tẹ ìwé kan jáde ní 1658 tí ó kún fún àwòrán, nítorí ó gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ọmọ rí ohun kan bí ó ti ń kọ́ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Friedrich Froebel, ará Jámánì, ọmọ àlùfáà ìjọ Luther. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ní 1837 ó dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìlú Blankenburg, ní 1840 ó sì pè é ní Kindergarten, èyí tí í ṣe “ọgbà àwọn ọmọdé,” nítorí lójú rẹ̀ ọmọ jẹ́ ohun ọ̀gbìn, olùkọ́ sì jẹ́ olùṣọ́gbà. Bọ́ọ̀lù òwú aláràbarà àti igi gbígbẹ́ ni ó fi sí wọn lọ́wọ́, kí wọn máa yí i, kí wọn máa tò ó, kí wọn sì máa tú u. Ìjọba Prussia fòfin de irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1851. Froebel kú ní ọdún kejì rẹ̀. Ó di 1860 kí a tó mú òfin náà kúrò. Ó gbin igi, kò rí èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ibi gbogbo ni orúkọ tí ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbajúmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, ó ṣí ilé kan ní àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé igi oníhò fún wọn, tí ó jẹ́ pé òpó igi kọ̀ọ̀kan kò lè wọ ihò mìíràn dáadáa bí kò ṣe tirẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì í, igi náà ni yóò bá a wí, kì í ṣe olùkọ́. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n yìí: ọmọ rí àṣìṣe ara rẹ̀, ó tún un ṣe, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa pàápàá, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Iṣẹ́ náà fi hàn pé èdè ìyá ọmọ tó láti gbé ìmọ̀ rù. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà ju àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láti kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè rẹ̀, mélòómélòó ni ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì gbọ́ èdè mìíràn!

ÀWỌN ÌDÁNWÒ TÍ KÒ NÁ NI LÓWÓ

Ohun tí ó kù ni kí a wí bí a ti lè ṣe é. A kò ní dárúkọ ohun kan tí kò sí ní ilé tálákà.

Èkíní, ohun tí ó rì àti ohun tí ó léfòó. Ẹ gbé ọpọ́n omi ka ilẹ̀, kí ẹ kó òkúta, ìyẹ́ adìẹ, èkùrọ́, ewé, kànìnkànìn, owó irin àti agolo òfìfo jọ. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò, kí ó tó ju ohun kọ̀ọ̀kan sínú omi. Agolo òfìfo yóò léfòó. Ẹ jẹ́ kí ó máa bu iyanrìn sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rì. Ohun tí ó wúwo ju omi tí ó lè tì kúrò ní àyè rẹ̀ lọ yóò rì. Èyí tí kò wúwo tó o yóò léfòó. Nítorí náà ni ọkọ̀ irin ńlá fi ń léfòó lójú òkun tí abẹ́rẹ́ sì ń rì: inú ọkọ̀ ṣófo, omi púpọ̀ ni ó ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bákan náà, ẹyin tútù yóò rì nínú omi lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá po iyọ̀ tí ó tó ṣíbí ìjẹun mẹ́rin mọ́ omi ife kan, yóò léfòó, nítorí omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ. Àwọn ìyá wa mọ ọ̀kan nínú ọgbọ́n yìí tipẹ́: ẹyin tí ó bá léfòó nínú omi lásán ti pẹ́ jù, nítorí pé omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ti gba àyè rẹ̀.

Èkejì, afẹ́fẹ́. Ọmọ kò rí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó rò pé kò sí nǹkan nínú ife òfìfo. Ẹ ki bébà gbígbẹ mọ́ ìdí ife kí ó má bàa já, kí ẹ dojú ife dé, kí ẹ sì tì í sísàlẹ̀ omi lóòró gangan. Bí ẹ bá fà á jáde lóòró, bébà náà yóò gbẹ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tì í sínú omi, kí ó sì fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: yóò rí bí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde, tí omi sì ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni yóò ti mọ̀ pé “òfìfo” kì í ṣe òfìfo.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀wà tí ń hù. Ẹ fi òwú tútù sínú ìgò tí ojú ríran kọjá, kí ẹ fi hóró ẹ̀wà mẹ́ta há àárín òwú àti ara ìgò, kí ọmọ máa ta omi díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbòǹgbò yóò yọ, yóò sì dorí kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èéhù yóò dìde. Nígbà tí gbòǹgbò bá gùn, ẹ dá ìgò náà dùbúlẹ̀. Ẹ ó rí i pé gbòǹgbò yóò tún tẹ̀ sísàlẹ̀, èéhù yóò sì tún tẹ̀ sókè, bí ẹni pé wọ́n mọ ibi tí ilé wọn wà. Kí ẹ gbé ìgò mìíràn sínú òkùnkùn: ẹ̀wà inú rẹ̀ yóò hù, ṣùgbọ́n yóò gùn tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì funfun ràkọ̀, nítorí oúnjẹ tí ó wà nínú hóró rẹ̀ ni ó fi ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri, láìsí ìmọ́lẹ̀ kò lè tutù yọ̀yọ̀. Ìdánwò yìí tún ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ẹ̀kọ́ tí kò sí pàṣán tí ó lè kọ́ni.

Ẹ̀kẹrin, òjìji. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ lóòró ní àgbàlá, kí ọmọ fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní ìrọ̀lẹ́. Yóò rí i pé òjìji gùn ní òwúrọ̀, ó kúrú ní ọ̀sán, ó sì tún gùn ní ìrọ̀lẹ́ sí apá kejì. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kíyèsí ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí rí: ní ilẹ̀ Yorùbá, ní oṣù Kẹfà, òjìji ọ̀sán gangan máa ń dorí kọ gúúsù, ní oṣù Kejìlá, àríwá ni ó ń dorí kọ. Bí oòrùn ti ń ṣí lọ sí àríwá wa ní apá kan ọdún, tí ó sì ń padà sí gúúsù ní apá kejì, ni ó fà á.

Ẹ̀karùn-ún, omi tí ń lọ àti omi tí ń bọ̀. Lẹ́yìn òjò, kí ọmọ fi èédú fa ìlà yí àbàtà omi kékeré ká lórí sìmẹ́ńtì, kí ó padà wá wò ó ní wákàtí kan lẹ́yìn náà. Ibo ni omi lọ? Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi díẹ̀ nínú àwo, kí ẹ gbé e sínú oòrùn: omi yóò lọ, iyọ̀ yóò kù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣí ìdérí ìkòkò tí ó ń hó, kí ọmọ dúró lókèèrè, kí ó sì rí i bí omi ti ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Báyìí ni a ó fi yé e pé omi tí ó lọ ni ó ń padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí òjò.

Àwọn baba wa kò sì fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ ayò sì jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ń tò wọ́n sílé ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kí ó tó di ọjọ́ tí yóò di kálámù mú. Bí ẹ bá sì wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa aró, bí Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ẹ mú ọmọ lọ wò ó bí aláró ti ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró ẹ̀lú: yóò jáde ní àwọ̀ ewé, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ sí i, yóò yí padà di aláró níwájú rẹ̀. Kí ó wò ó lókèèrè o, nítorí omi eérú tí ó wà nínú rẹ̀ lè bó ara.

IṢẸ́ TI ÀGBÀ

Iṣẹ́ àgbà kì í ṣe láti dáhùn kíákíá. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó máa bi ọmọ: “Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?” “Kí ni o rí?” “Kí ni o rò pé ó fà á?” Bí ìdáhùn ọmọ kò bá tọ̀nà, kí a má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, kí a wí pé, “Jẹ́ kí a tún un ṣe, kí a wò ó.” Bí ọmọ bá sì béèrè ohun tí àwa kò mọ̀, kí a má ṣe purọ́ fún un, kí a má sì jágbe mọ́ ọn. Kí a wí pé a kò mọ̀, ṣùgbọ́n a ó jọ wá a. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àgbà tí ó bá ń béèrè pẹ̀lú ọmọ kò dínkù.

Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú lè sọ pé kò ṣeé ṣe fún òun. Kí ó pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún. Kí ẹgbẹ́ kan wà nídìí omi pẹ̀lú igbákejì olùkọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń fi amọ̀ mọ nǹkan tàbí tí wọ́n ń to ọmọ ayò, kí wọn sì máa pààrọ̀ àyè.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Ọmọ kékeré lè rì sínú garawa omi kan ṣoṣo. Kí àgbà má ṣe yẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí a sì da omi náà nù bí iṣẹ́ bá ti parí. Kí ọmọ má ṣe fọwọ́ kan iná àti ìṣáná. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ fi hóró ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ṣeré, nítorí ó lè kì í bọ imú tàbí kí ó há a lọ́fun. Kí a pa òòfà kékeré àti bátìrì pẹlẹbẹ bí bọ́tìnnì mọ́ pátápátá: bí ọmọ bá gbé wọn mì, wọ́n lè dá ìfun rẹ̀ tàbí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lu. Kí a má ṣe rọ epo kẹrosíìnì sínú ìgò ohun mímu láéláé. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

ẸNI TÍ Ó Ń WÍ PÉ ERÉ LÁSÁN NI

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò wí pé, “Owó ẹ̀kọ́ ni a san, kì í ṣe owó omi dídà.” A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá kan tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi máa gbé iṣẹ́ àmúrelé wá lójoojúmọ́. A kò bú u. Ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù sì ni, kí ọmọ rẹ̀ má bàa kẹ́yìn ẹgbẹ́. Èsì wa nìyí. Ìka tí ó ń ṣa hóró ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìka tí yóò di kálámù mú láìgbọ̀n. Ojú tí ó ti mọ ìyàtọ̀ gbòǹgbò sí èéhù ni yóò tètè mọ ìyàtọ̀ “e” sí “ẹ”, àti “s” sí “ṣ”. Ẹnu tí ó ti ròyìn ohun tí ó rí ní ọ̀rọ̀ tí yóò kọ nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ. A kò wí pé kí a má kọ́ ọmọ ní ìwé. A ní kí ìwé bá ohun kan nílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹni tí a kọ́ ní ọmọdé pé ìbéèrè ní pàṣán lẹ́yìn, ó ṣòro kí ó tó tún béèrè ní àgbà, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ olùkọ́, lọ́dọ̀ oníṣègùn, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ń ná owó ìlú.

Kí a tó jókòó, ẹ jẹ́ kí a parí ìtàn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a pe ọmọ náà, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. A gbé ọpọ́n omi ka ilẹ̀, àwa fúnra wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ wa. Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú ọsàn kan wá, ó jù ú sómi, ó léfòó. A wá bó gbogbo èèpo rẹ̀, títí kan èyí funfun, ó sì béèrè pé, “Bàbá àgbà, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ báyìí?” A rò ó pé a ti bó èèpo kúrò, ó ti fúyẹ́ sí i, a dáhùn tìgboyà-tìgboyà pé yóò léfòó ju ti ìṣáájú lọ. Ó jù ú sínú omi, ó rì. Inú èèpo náà ni afẹ́fẹ́ tí ó gbé e ró wà, àwa ni kò mọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, Bàbá àgbà.”

A tún un ṣe. Lórí ìṣó gíga ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà nísinsìnyí, pàṣán náà kò sì sí ní ilé wa mọ́. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, tí ẹ sì bá ṣíbí yín nínú garawa, ẹ kọ́kọ́ béèrè.